Pákó Bosomtwe àti Ọkọ̀ Aláwọ Ilẹ̀ Yìnyín

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí ọgbọ́n kan ṣoṣo tí gbogbo ọmọ ènìyàn fi ń la omi kọjá, nítorí pé bí omi ti jìn tó, bí igi ti pọ̀ tó ní etí rẹ̀, àti bí òrìṣà tí ó ni ín ti le tó, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń pàṣẹ irú ohun tí a ó gùn lé e lórí. Ará Ìlàjẹ a gé igi ńlá lulẹ̀, a gbẹ́ inú rẹ̀ di ihò, a sì fi àjẹ̀ wà á gba orí ọ̀sà lọ. Àwọn Inuit, tí ilé wọn wà ní ìpẹ̀kun àríwá ayé níbi tí òkun fúnra rẹ̀ ti ń di yìnyín, a rán awọ ẹran omi bo egungun igi, wọn a sì pe èyí ní káyáàkì. Ṣùgbọ́n ní ibi tí kò jìnnà rárá sí Kùmásì ní ilẹ̀ Gánà, ìlú Osei Tutu ọba Àṣáńtì, ìlú ọba tí ó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wúrà tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé, àwọn apẹja kan wà tí wọn kì í gbẹ́ igi di ihò, tí wọn kì í sì í rán awọ, tí ó jẹ́ pé pákó pẹrẹsẹ ni wọ́n ń gùn lọ sí ojú agbami, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn wa omi. Padua ni wọ́n ń pe pákó náà. Òun ni mo fẹ́ ṣàlàyé, n ó sì máa fi káyáàkì wò ó, nítorí pé ohun méjèèjì yìí jìnnà síra wọn ju bí Kùmásì ti jìnnà sí ilẹ̀ yìnyín lọ, síbẹ̀ ìyà kan náà ni ó ń jẹ wọ́n bí wọ́n bá dé inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ẹni tí ó bá wá sí Kùmásì láti wo ohun àtijọ́, ohun ọba ni yóò kọ́kọ́ rí, ohun ọba náà ni yóò sì rí kẹ́yìn. Nínú ọgbà àṣà tí Dókítà A. A. Y. Kyerematen dá sílẹ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Prempeh Kejì wà níbẹ̀. Àpò awọ tí wọ́n ní Okomfo Anokye, àlùfáà Osei Tutu, fi lé ọba lọ́wọ́ wà nínú rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú wò kí ilẹ̀ Àṣáńtì má baà tú, àti àga ayédèrú tí wọ́n fi tan àwọn òyìnbó jẹ nígbà tí wọ́n ń wá àga wúrà kiri. Bí ó bá kọjá sí Manhyia, yóò wọ ilé tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní 1925 fún Prempeh Kìíní nígbà tí ó ti ìgbèkùn Seychelles dé, ilé tí ó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1995. Níbẹ̀ ni wọ́n ti pàtẹ ohun ọ̀ṣọ́ wúrà àti fàdákà 32 ní 2024, ohun tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé méjì ní Lọ́ńdọ̀nù fi ránṣẹ́; púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ìkógun àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní 1874 àti ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Wọn kò dá wọn padà o. Wọ́n yá onílé ní dúkìá rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta ni, ọ̀rọ̀ tí ó tó kí ènìyàn fi ọwọ́ lérán. Ohun tí mo ń sọ ni pé wúrà ní olùṣọ́, ó ní agbẹjọ́rò, ó ní akéwì. Ta ni yóò gbé pákó apẹja sínú gíláàsì?

A ti gbé káyáàkì sínú gíláàsì ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Nínú àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Yunifásítì Aberdeen ní ilẹ̀ Scotland, káyáàkì kan wà tí ó ti wà ní ìlú náà fún nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, Francis Gastrell, rí i ní 1760, ó sì kọ ohun tí wọ́n sọ fún un sílẹ̀: pé ọkùnrin kan ni ó wà á dé etí òkun wọn, pé kò sí ẹni tí ó gbọ́ èdè rẹ̀, àti pé kò pẹ́ tí ó fi kú. Títí di òní ni àwọn onímọ̀ ń jiyàn bí ó ṣe dé ibẹ̀, bóyá ọkọ̀ òyìnbó ni ó jí i gbé tí ó sì já bọ́, tàbí òun fúnra rẹ̀ ni ó gba orí òkun wá. Ọkọ̀ rẹ̀ wà, orúkọ rẹ̀ kò sí. Ọkọ̀ tí ó bá sì jẹ́ pé a bí i mọ́ ara ènìyàn kan, tí a wá gbé e kọ́ sára ògiri láìsí ẹni náà, ohun tí ó ju ìdajì rẹ̀ lọ ni ó ti sọnù.

Mo ní a bí i mọ́ ara, n kò sọ àsọdùn. Ní Greenland, ọ̀kan nínú ilẹ̀ àwọn Inuit, igi kì í hù tó èyí tí a lè là. Òkun ni ó ń gbé igi wá fún wọn: igi tí ó wó sínú àwọn odò ńlá Siberia, tí odò gbé jáde, tí yìnyín gbé kiri fún ọdún púpọ̀, kí ìgbì tó wá jù ú sí èbúté wọn. Bí a kò bá rí àdàn, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Igi wẹ́wẹ́ wọ̀nyí ni ọkùnrin ń gé, tí ó ń tò di egungun ọkọ̀, kò sì ní kan ìṣó kan mọ́ ọn. Okùn awọ ni ó fi ń dè é ní oríkèé-oríkèé, kí ó lè máa bá ìgbì rọ̀ dípò kí ó kán. Ara rẹ̀ ni ó fi ń wọn ohun gbogbo: gígùn ọkọ̀ náà tó ìgbà mẹ́ta tí ó na apá rẹ̀ méjèèjì, fífẹ̀ ibi ìjókòó kò sì ju ìbàdí rẹ̀ àti ìkúùkù méjì lọ. Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ di ti àwọn obìnrin. Wọn a ha awọ séálì, ẹran omi tí ń gbé inú òkun tútù, wọn a fi iṣan ẹran rán an nígbà tí ó ṣì tutù, ìránsí kan báyìí tí abẹ́rẹ́ kì í gún awọ já sí òdìkejì, kí omi má baà rí ojú ihò wọlé. Bí awọ náà bá gbẹ, a fún mọ́ egungun rẹ̀, a le bí awọ gángan.

Ẹni tí ó bá wọ inú rẹ̀ a wọ ẹ̀wù awọ tí etí rẹ̀ so mọ́ ẹnu ihò ìjókòó, tí ó sì fún mọ́ ojú àti ọrùn ọwọ́, títí ènìyàn àti ọkọ̀ yóò fi di ẹyọ ohun kan. Bí ìgbì bá dojú rẹ̀ dé, kì í jáde, nítorí pé ẹni tí ó bá jáde sínú omi tútù yẹn kò ní pẹ́ lọ bá àwọn baba rẹ̀. Ńṣe ni yóò fi àjẹ̀ gbá omi, yóò yí ìbàdí, yóò sì yọ orí lókè lẹ́ẹ̀kan sí i. Nítorí náà, bí a bá wọn káyáàkì nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, tí a kọ gígùn àti ìwúwo rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, ìwọ̀n ọkùnrin kan tí ó ti kú ni a ń kà láìmọ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí tòsí. Adágún Bosomtwe wà ní nǹkan bí kìlómítà 30 sí Kùmásì, ní ìhà gúúsù àti ìlà-oòrùn. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ sọ pé ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún kan ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, òkúta kan já láti ojú ọ̀run lu ilẹ̀ ibẹ̀, ó dá kòtò tí ó fẹ̀ tó kìlómítà 10.5, òjò sì kún un. Ní 2004 wọ́n lu ilẹ̀ ìsàlẹ̀ omi náà, wọ́n sì bá ẹrẹ̀ tí ó nípọn tó nǹkan bí mítà 300, èyí tí ó ti ń rọra kó jọ láti ọjọ́ náà wá. Àwọn Àṣáńtì ní ìtàn tiwọn: pé ní 1648, ọdẹ kan láti Asaman, Akora Bompe ni orúkọ rẹ̀, òun àti ajá rẹ̀ ń lé ẹtu tí ó ti fara gbọgbẹ́, ẹtu náà sì sáré wọ inú omi kékeré kan, kò jáde mọ́. Ọdẹ kò rí ẹran, ó rí ẹja, ó sì dúró síbẹ̀. Ìtàn méjèèjì kò bá ara wọn jà lójú mi. Ọ̀kan ń sọ bí kòtò ṣe dé, èkejì ń sọ bí ènìyàn ṣe dé.

Bosomtwe, àgbà omi tí òkè pagbo yí ká! A-gba-ìṣàn-má-dá-a-padà, omi tí kò ní ẹnu àbájáde, tí ó jẹ́ oòrùn nìkan ní ń bù ú mu! Nítorí pé kò ní ibi tí ó ń ṣàn gbà jáde, bí òjò bá pọ̀ fún ọdún púpọ̀, a gòkè, bí ọ̀dá bá dá, a sọ̀ kalẹ̀. Ó ti gba ilé lọ́wọ́ onílé rí, ó sì ti lé abúlé sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni kùkùté igi tí ó ti kú ń yọ orí nínú omi ní ibi tí oko wà nígbà kan. Nǹkan bí abúlé 30 ni ó wà ní etí rẹ̀. Abono ni àlejò sábà máa ń kọ́kọ́ dé bí ó bá gba Kuntanase sọ̀ kalẹ̀.

Omi yìí ní òrìṣà, Twe ni orúkọ rẹ̀, àwọn Àṣáńtì sì gbà pé ẹ̀mí ẹni tí ó bá kú a máa yà sọ́dọ̀ rẹ̀ láti dágbére kí ó tó kọjá. Òrìṣà náà kò fẹ́ irin. R. S. Rattray, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó fetí sí àwọn àgbà Àṣáńtì ju bí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe lọ, kọ nípa èèwọ̀ rẹ̀ sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1923: ọkọ̀ tí a gbẹ́ kò gbọdọ̀ kan omi náà, ìwọ̀ irin kò gbọdọ̀ rì sí i, a kò sì gbọdọ̀ fi ìkòkò idẹ bù ú. Ohun tí ó kù fún apẹja nígbà náà ni igi gẹ́gẹ́ bí igi, láìlu ihò sí i, láìkan ìṣó mọ́ ọn.

Báyìí ni a ṣe ń ṣe é. A ó wá igi tí kò wúwo, a ó gé e, a ó là á, a ó sì ṣá a títí yóò fi di pákó tí ó nípọn, tí ó tẹ́jú, tí gígùn rẹ̀ ju ti ènìyàn lọ dáadáa, tí orí rẹ̀ sì rọra tín-ín-rín kí ó lè ya omi. Apẹja yóò tì í láti etí omi, yóò bá a rìn títí omi yóò fi mù ún dé orúnkún tàbí itan, nígbà náà ni yóò rọra gbé ara lé e láàárín gbùngbùn. Ó lè na ẹsẹ̀ síwájú kí ó jókòó, ó lè dojú bolẹ̀ kí ó sùn lé àyà. Ọwọ́ méjèèjì ni àjẹ̀ rẹ̀; láyé àtijọ́ àtẹ́lẹwọ́ lásán ni, lónìí ọ̀pọ̀ ń di èéfọ́ igbá, pátákó kékeré tàbí ike mú sí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọ̀n tàbí ìgèrè rẹ̀ ń bẹ níwájú rẹ̀, ẹja tí ó bá rí a sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹni tí ó bá ń wò ó láti etí omi lè rò pé ọkùnrin náà jókòó lé omi gan-an, nítorí pé pákó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rì tán lábẹ́ rẹ̀, omi sì ń fọ orí rẹ̀ kọjá. Níhìn-ín ni ọgbọ́n rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni ó ti ya káyáàkì sọ́tọ̀. Afẹ́fẹ́ inú ni ó gbé káyáàkì dúró: awọ sé afẹ́fẹ́ mọ́ inú, ó sé omi mọ́ ìta, bí awọ bá sì ya, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Padua kò ní inú. Ara igi fúnra rẹ̀ ni ó fúyẹ́ ju omi lọ, nítorí náà kò sí ohun tí omi fẹ́ kún, kò sí ohun tí a ó fi igbá gbọ́n dànù, bí ó bá sì dojú dé, ẹ̀yìn rẹ̀ náà ni ojú rẹ̀. Ará Greenland sá fún omi pátápátá nítorí òtútù lè pa á. Ará Bosomtwe gba omi mọ́ra pátápátá nítorí omi rẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́. Síbẹ̀, ẹ wo ìjókòó àwọn méjèèjì: àwọn méjèèjì na ẹsẹ̀ síwájú, àwọn méjèèjì sún mọ́ ojú omi tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò fi rí ohun púpọ̀ tì, ìbàdí ni àwọn méjèèjì sì fi ń mọ̀ pé omi ti fẹ́ yí.

Ìgbà tí padua bá pẹ́ nínú omi, a mu omi, a sì wúwo. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fà á gòkè sí etí omi, tí wọ́n sì ń sá a sí oòrùn. Iṣẹ́ yìí kò ní ògo, ẹni tí kò bá sì ṣe é yóò fi apá san án.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi jù nìyí. Àìsí igi ni ó sọ ará Greenland di aránwọ fún ọkọ̀. Ta ni yóò sọ pé igi ni ó wọ́n Àṣáńtì? Igi arère, tí wọ́n ń pè ní wawa, kún inú igbó wọn, òun gan-an sì ni igi tí àwọn Fante àti àwọn Gã fi ń ṣe ọkọ̀ ńlá tí a ń rí ní etí òkun Gánà, ọkọ̀ tí àwọn apẹja ibẹ̀ ti gbé kọjá Togo dé Benin àti Nàìjíríà. Inú igbó òkè yìí ni agbẹ́gilére ọkọ̀ ti ń gé e, tí ó ń gbẹ́ ẹ ní àgbẹ́sílẹ̀, kí wọ́n tó wọ́ ọ lọ sí etí òkun láti parí rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ tí igi rẹ̀ ń gbé àjèjì la òkun já, òun fúnra rẹ̀ dojú bolẹ̀ lórí pákó nínú adágún tirẹ̀! Kì í sì í ṣe àìmọ̀. Gbígbẹ́ igi di ọkọ̀ kì í ṣe ohun tuntun ní apá ibí yìí. Ọkọ̀ tí darandaran Fúlàní kan ṣàdédé rí ní 1987 níbi tí ó ti ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, ní ibi tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Yobe lónìí, tó mítà 8.4 ní gígùn, ó sì ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́jọ. Ẹni tí ó gbọ́n tó láti gbẹ́ ọkọ̀ tí ó sì kọ̀ láti gbẹ́ ẹ, òfin ni ó ń tẹ̀ lé.

Kí ni òfin náà ń ṣe? Àwa tí a mọ Ọ̀ṣun kò ní pẹ́ lóye rẹ̀, nítorí pé nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, ẹnikẹ́ni kì í pẹja. Ọ̀ṣun sé ilẹ̀kùn pátápátá. Twe ṣí i díẹ̀. Pákó kò lè gbé ju ènìyàn kan lọ dáadáa, kò lè ru ẹja púpọ̀, kò lè bá ìjì jà, bẹ́ẹ̀ ni kì í yára. Ohun tí apá ènìyàn kan lè kó ní òwúrọ̀ kan ni òrìṣà fi ṣe ìwọ̀n ohun tí ó lè jẹ. Èrò tèmi nìyẹn, onílé lè ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òrìṣà náà a tilẹ̀ máa ṣe sàráà nígbà mìíràn: Rattray gbọ́ pé bí Twe bá yin ẹ̀tù rẹ̀, omi a ru, òórùn a gba etí odò, ẹja a sì léfòó lọ jàrà, tí tọmọdé tàgbà yóò máa fi ọwọ́ ṣà á. Àwọn onímọ̀ sọ pé omi ìsàlẹ̀, tí èémí kò sí nínú rẹ̀, ni ó yí gòkè tí ó sì fún ẹja lọ́rùn. Bí ẹja bá wá wọ́n, òkúta Abrodwum wà ní etí omi, níbi tí wọ́n ti ń fi màlúù bọ Twe.

Ayé ti yí. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì wà lórí adágún náà báyìí, ó ń gbé àlejò ṣeré, ó sì ń gbé ará abúlé kọjá. Àwọ̀n onírọ́bà wọ́pọ̀, àwọn ẹja inú rẹ̀ sì ń kéré sí i, títí kan irú èyí tí a kì í rí nínú omi mìíràn. Ní 2016, UNESCO kọ agbègbè náà mọ́ àwọn ibi tí ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bo ẹ̀dá inú wọn. Ní Greenland náà, ẹ́ńjìnnì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ipò káyáàkì tán kí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ́ ara wọn ní títo egungun rẹ̀ àti rírán awọ rẹ̀, wọ́n sì ń díje lọ́dọọdún nínú yíyí sábẹ́ omi àti yíyọ padà. Wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe igi àti awọ ni ó fẹ́ kú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Bí wọ́n bá fi mí ṣe olùtọ́jú àfihàn kan ní Kùmásì, n kò ní gbé padua kọ́ ògiri. N ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, n ó jẹ́ kí ọmọ ilé-ìwé jókòó lé e, kí ó na ẹsẹ̀, kí ó di èéfọ́ igbá mú; n ó gbé ìdajì ọkọ̀ wawa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ sílẹ̀ nínú igbó, kí ẹni tí ó bá wọlé lè fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí wọ́n ní ní ìkáwọ́ tí wọn kò sì lò. Bí owó bá kù, n ó yá káyáàkì kan láti Copenhagen, n ó sì kọ ìwọ̀n apá àti ìbàdí ẹni tí ó ni ín sí abẹ́ rẹ̀ bí ó bá ṣeé mọ̀. Títí wọn yóò fi pè mí sí iṣẹ́ náà, ẹni tí ó bá fẹ́ rí padua lè wọ ọkọ̀ láti Kùmásì lọ sí Abono, ó sì lè lọ kí ó bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe yan ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ tí èrò ìlú ń wọ́ lọ síbẹ̀ jù lọ láti gbádùn. Ọjọ́ òrìṣà ni, wọn kì í pẹja, orin àti èrò ni yóò bá ní etí omi, gbogbo pákó yóò sì wà ní ilẹ̀ gbígbẹ.